Ṣọ́ọ̀bù Ìyá Aláṣọ Ni Wọ́n Gbé Ẹrù Náà Lọ

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ṣáájú Iléyá ọdún 2024 ni ọmọkùnrin kan pè mí lórí fóònù. Ariwo ọ̀kadà pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ débi pé ẹ̀ẹ̀mejì ló tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ kí n tó gbọ́.

"Ẹ káàsán, sà. Mo ti gbé ẹrù yín dé Lálúpọn. Nọ́ńbà ilé wo ni kí n wá?"

Bódìjà ni mo wà. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Nọ́ńbà ilé, ní Lálúpọn! Ilé tí wọ́n bí ìyá mi sí kò ní nọ́ńbà láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ́ ọ. Ohun tí ìyàwó mi kọ sórí ayélujára nígbà tó ń ra ọjà náà ni "ẹ̀bá mọ́sáláṣí, Lálúpọn", bẹ́ẹ̀ mọ́sáláṣí ìlú náà kì í ṣe ẹyọ kan. Mo bá sọ èyí tó yá jù lọ fún un.

"Béèrè ṣọ́ọ̀bù Ìyá Aláṣọ lọ́wọ́ ẹni àkọ́kọ́ tí o bá rí. Kí o gbé e fún wọn níbẹ̀."

Ó dúpẹ́, ó pa fóònù. Ìgbà tí mo gbé fóònù tèmi sílẹ̀ tán ni ohun tí mo ṣe ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi. Aṣọ ọdún àwọn ọmọ ló wà nínú ẹrù náà. Aṣọ ọdún àwọn ọmọ náà ni Ìyá Aláṣọ ń tà.

Bí ẹ bá gba Ìwó Ròòdù jáde kúrò ní Ìbàdàn, tí ẹ kọjá Mọnátán àti Olódó, tí ẹ sì fi Ìyànà Ọ̀fà, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Lágelú, sẹ́yìn, ẹ ó bá Lálúpọn lójú ọ̀nà tó lọ sí ìlú Ìwó. Ojú irin àtijọ́ gba ibẹ̀ kọjá. Kì í ṣe ìlú ńlá, kì í sì í ṣe abúlé. Ibẹ̀ ni àwọn ará abà ti ń ra iyọ̀, kẹrosíìnì àti aṣọ ọdún. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí àbúrò ìyá mi ti ń ta aṣọ ọmọdé àti bàtà níbẹ̀. Kò sí ẹni tó ń pe orúkọ wọn mọ́. Ìyá Aláṣọ ni gbogbo ìlú mọ̀ wọ́n sí.

Ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti ń lo ìsinmi nígbà tí mo wà ní kékeré. Bí ó bá ti ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí ọdún, ìbáà ṣe Iléyá, ìbáà ṣe Kérésìmesì (ẹ̀sìn méjèèjì ló wà nínú ẹbí wa, a kì í sì í fi oúnjẹ ìkankan sílẹ̀ láìjẹ), àwọn ìyá láti abà á bẹ̀rẹ̀ sí í mú ẹyọ ìgbálẹ̀ wá. Ẹyọ ìgbálẹ̀ kan, ọmọ kan. Wọ́n á ti fi wọn ẹsẹ̀ ọmọ nílé, wọ́n á ṣẹ́ ẹ síbi tí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ parí sí, wọ́n á so òwú aláwọ̀ mọ́ ọn kí ti ẹ̀gbọ́n má baà dàpọ̀ mọ́ ti àbúrò. Ìyá á di gbogbo rẹ̀ mọ́ ìborùn, ó di Gbági. Gbági àárín ìlú ni wọ́n kọ́kọ́ ń lọ. Lẹ́yìn náà ni ó di Gbági tuntun tó wà lójú ọ̀nà Ifẹ̀, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ẹgbẹ́dá, ọjà tí wọ́n ń fi orúkọ Bọ́lá Ìgè pè. Kingsway wà ní Dùgbẹ̀ fún àwọn olówó. Ẹsẹ̀ tiwa kò dé ibẹ̀. Nígbà tí Ìyá bá dé lálẹ́, a ó jókòó yí àwọn ìdì náà ká, wọn kò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú u títí di òwúrọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sí irú ìlú bẹ́ẹ̀ á rántí òórùn aṣọ tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú nínú ìdì.

Ẹ má jẹ́ ká ṣe bí ẹni pé ìgbà tiwa yìí ni àwọn ènìyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ra ọjà lọ́wọ́ ẹni tí wọn kò rí. Àwọn tíṣà àti akọ̀wé ayé àwọn òyìnbó amúnisìn mọ àwọn ilé ìtajà ìlú Manchester bíi J. D. Williams àti Oxendale, tí wọ́n máa ń fi ìwé alápèjúwe ọjà ránṣẹ́ sí Nàìjíríà. Ẹni tó bá fẹ́ bàtà á gbé ẹsẹ̀ lé bébà, á fi pẹ́ńsù fa ìlà yí i ká, á fi bébà náà àti owó sínú àpò lẹ́tà, á sì máa retí ọkọ̀ òkun. Oṣù á gorí oṣù. Bí bàtà náà bá wá há, ta ni wọ́n fẹ́ lọ bá ní Manchester? Ọmọ olówó rẹ̀ ló máa ń jogún un.

Ṣùgbọ́n díẹ̀ ni àwọn bẹ́ẹ̀. Èyí tó ń ṣẹlẹ̀ lójú wa yìí kì í ṣe ti díẹ̀.

Ọdún 2001 ni fóònù alágbèéká dé ọ̀dọ̀ wa. Ní 2012, Jumia àti Konga bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Èkó, nígbà tó sì yá, wọ́n kó ẹ̀dínwó ìparí oṣù Kọkànlá tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní Black Friday wọlé fún wa. Wọ́n mọ̀ pé a kì í sanwó fún ohun tí ojú wa kò tíì rí. Wọ́n ní kí a jẹ́ kí ọjà dé ọwọ́ wa kí a tó sanwó. Ọgbọ́n nìyẹn. Síbẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìlú ńlá ni ọ̀rọ̀ náà mọ sí. Àwọn ọmọ Yunifásítì Ìbàdàn ń rà, àwọn ará Bódìjà ń rà. Ní Akánrán, ní Ẹrunmú, ní Ìjayè, owó pépà ni oko ń mú wọlé, owó pépà náà ni ọjà ń gbà. Àgbẹ̀ tí kò ní káàdì báńkì, kí ni yóò fi ṣe ẹ̀dínwó orí fóònù?

Ọ̀wọ́n owó ọdún 2023 ló yí i padà. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2022 ni CBN kéde pé àwọn yóò pààrọ̀ ₦200, ₦500 àti ₦1,000. Nígbà tí yóò fi di oṣù Kejì ọdún tó tẹ̀lé e, tuntun kò sí, àtijọ́ kò ṣeé ná. Ẹ rántí ìlà tí a tò. Ẹ rántí àwọn tí wọ́n ń fi owó ra owó lọ́wọ́ àwọn oní-POS. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta pé kí owó àtijọ́ ṣì máa jẹ́ níná títí di ìparí ọdún náà, ṣùgbọ́n kí ìdájọ́ yẹn tó dé, àwọn ìyá tó ń ta gààrí lẹ́bàá ọ̀nà ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń gba tiránsífáà. OPay, PalmPay àti Moniepoint di orúkọ tí ọmọ kékeré ń pè ní abà. Ohun tí ìpolówó kò rí ṣe fún ọdún mẹ́wàá, ìyà ṣe é láàárín oṣù méjì. Owó tó bá sì ti wọ inú fóònù tán, kò pọn dandan fún un mọ́ láti gba ọjà Lálúpọn kọjá kó tó di aṣọ.

Àwọn àgbẹ̀ fúnra wọn kọ́ ló ń ra ọjà orí ayélujára jù lọ o. Àwọn ọmọ wọn tó wà ní Ìbàdàn àti Èkó ni. Àwa ni. Tẹ́lẹ̀, bí ọdún bá kù sí dẹ̀dẹ̀, a ó fi owó ránṣẹ́ sílé pé kí wọ́n ra aṣọ fún àwọn ọmọ. Owó náà á sì bọ́ sí ọwọ́ Ìyá Aláṣọ tàbí ẹlòmíràn tó dà bíi wọn. Nísinsìnyí, aṣọ gan-an là ń fi ránṣẹ́. Bí kì í bá ṣe láti ọ̀dọ̀ àwọn ilé iṣẹ́ ńlá, ó jẹ́ láti ọwọ́ àwọn tó ń patẹ ọjà sórí WhatsApp, àwọn kan nínú wọn sì ni ará Gbági tí Ìyá ti ń ra ọjà láti ìgbà tí mo wà ní kékeré! Ẹni tó ń tà fún Ìyá lópò ti ń tà fún oníbàárà Ìyá lẹ́yọ, ó ń fi ẹrù náà ṣe wébíìlì ní páàkì Ìwó Ròòdù. Gbági kò kú. Aláròóbọ̀ tó wà láàárín Gbági àti abà ni wọ́n fò dá.

Ìyá pè mí lálẹ́ ọjọ́ tí ẹrù náà dé. Ohùn wọn tutù, ìyẹn gan-an ló sì bà mí lẹ́rù.

"Àjàní, ọmọ kan gbé ẹrù rẹ wá. Mo ti bá ọ gbà á." Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Aṣọ ni, àbí?"

"Aṣọ ni, Ìyá."

"Ó dáa. Èmi náà ní aṣọ."

Mo lè sọ fún yín pé ìyàwó mi ló rà á. Òótọ́ ni. Káàdì tèmi ló fi sanwó, mo sì bá a yan àwọ̀. Ìdí tí a fi ṣe é kò ju pé ọwọ́ wa dí, owó rẹ̀ sì fi díẹ̀ dín sí ti ọjà. Kò sí ìkankan nínú wa tó rántí Ìyá.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta a lọ sí Lálúpọn. Inú ṣọ́ọ̀bù náà ni a ti tú ẹrù, níwájú aṣọ tí wọ́n fi kọ́ sára ògiri láti òkè délẹ̀. Aṣọ àwọn ọmọ márùn-ún dára, àfi ọ̀kan tí àwọ̀ rẹ̀ kì í ṣe èyí tí a yàn. Bàtà ni wàhálà. Ti ọmọbìnrin àkọ́bí ìbátan mi kan kéré jìnnà sí ẹsẹ̀ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ nọ́ńbà tí a kọ ni wọ́n kọ sí i lára. Ọmọ náà tẹ ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, ó tẹ̀ ẹ́, ó tẹ̀ ẹ́, omi bọ́ lójú rẹ̀. Mo pe àwọn tó tà á fún wa. Wọ́n ní kí n dá a padà sí ibùdó wọn ní Ìbàdàn kí iye ọjọ́ kan tó pé. Ìsinmi ọdún ti wà láàárín; àwọn ọjọ́ náà á ti lọ kí ẹnikẹ́ni tó ṣílẹ̀kùn ibẹ̀.

Ìyá kò sọ̀rọ̀. Wọ́n wo ẹsẹ̀ ọmọ náà lẹ́ẹ̀kan, wọ́n nawọ́ sókè, wọ́n mú bàtà kan sọ̀kalẹ̀, ó sì bá a mu rẹ́gí. Wọn kò wọ̀n ọ́n. Mo béèrè iye rẹ̀, wọ́n dá a lé mi, mo ṣe tiránsífáà. Wọ́n ní, "Kò yẹ kí n gbowó lọ́wọ́ rẹ. Ṣùgbọ́n ọjà ni."

Lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ti jáde ni mo wá bi wọ́n bí ọjà ṣe rí. Mo rò pé wọ́n á sọ pé àwọn ènìyàn kò ra aṣọ mọ́. Ohun tí wọ́n sọ yàtọ̀, èyí ló sì mú mi jókòó kọ àkọsílẹ̀ yìí. Wọ́n mú ìwé ńlá kan jáde lábẹ́ tábìlì, ìwé tí mo ti mọ̀ láti kékeré, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjọ́ orí èyí kò lè ju ọdún bíi mélòó kan lọ. Orúkọ àwọn tó gba àwìn ló wà nínú rẹ̀.

"Àwọn tó ń sanwó lójú ẹsẹ̀ ni kò wá mọ́," ni wọ́n wí. "Àwọn tó fẹ́ gba àwìn ṣì ń wá, wọ́n tilẹ̀ pọ̀ sí i. Owó àwọn ti àkọ́kọ́ ni mo fi ń ṣe àwìn fún àwọn ti ìkejì. Nígbà tí wọn kò wá mọ́, kí ni kí n fi padà lọ sí Gbági?"

Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo fi ṣe iṣẹ́ ìwé ìròyìn, mo sì ti kọ ìròyìn ọjà ọdún mọ́ ọn lọ́wọ́: iye tí wọ́n ń ta àgbò, iye tí wọ́n ń ta tòmátì, bí èrò ṣe pọ̀ tó. N kò béèrè rí nípa ìwé abẹ́ tábìlì. Bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni ọjà. Kérésìmesì kì í kúrò lójú kan. Ìgbà tí ó bá dé, kòkó ti wọlé ní apá Ọ̀nà-Àrà, ẹ̀ẹ̀rùn ti gbẹ gààrí, owó díẹ̀ wà nílẹ̀. Iléyá ń rìn. Lọ́dọọdún ló ń fi bí ọjọ́ mọ́kànlá súnmọ́ iwájú. Ní 1985 àti 1986, oṣù Kẹjọ ló bọ́ sí, àgbàdo ti jáde, àgbẹ̀ lè ra aṣọ kó sì sanwó. Ní 2024, oṣù Kẹfà ni, ọ̀pọ̀ àgbàdo ṣì wà ní ìdúró lóko. Bí ó bá ṣe ń rìn lọ sí oṣù Karùn-ún àti oṣù Kẹrin, yóò máa bá àgbẹ̀ ní àkókò tí owó ń jáde lọ́wọ́ rẹ̀ sórí èso, egbòogi oko àti owó lébìrà, tí kò sí èyí tó ń wọlé. Ìwé abẹ́ tábìlì yẹn ló máa ń so oṣù Iléyá mọ́ oṣù ìkórè, kí ọmọ àgbẹ̀ náà lè wọ aṣọ tuntun lọ sí Yídì pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀. N kò tíì rí ilé ìtajà orí ayélujára tí yóò gbé bàtà fún àgbẹ̀ abà kan kó sì sọ fún un pé, "Bí o bá ya àgbàdo tán, mú un wá."

Kí n má sì purọ́ fún yín. Àwìn náà kì í ṣe ìfẹ́ lásán. Iye tí Ìyá ń pè fún ẹni tó máa san lẹ́yìn oṣù méjì kì í ṣe iye tí wọ́n ń pè fún ẹni tó kó owó lọ́wọ́. Mo mọ obìnrin kan nígbà tí mo wà ní kékeré tí kì í gba iwájú ṣọ́ọ̀bù náà kọjá fún odidi ọdún kan, nítorí pé òjò kò rọ̀ dáadáa lọ́dún náà. Ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé ló ń gbà lọ sí ọjà, òun pẹ̀lú igbá lórí. Ọmọ ìbátan mi kan tó ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga, tó ń ta ìpara lórí WhatsApp fún owó jíjẹ, gbọ́ ohun tí mò ń sọ yìí, ó sì dá mi lóhùn ní ṣàkó: "Bọ̀ọ̀dá, fóònù kò mọ̀ pé bàbá mi jẹ gbèsè. Ẹni tí mo ń ra aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀ kò mọ ọmọ ẹni tí mo jẹ́. Ẹ ò mọ bí ìyẹn ṣe dùn tó." N kò ní èsì fún un. Ní ìlú kékeré, ẹni tó mọ ẹsẹ̀ rẹ mọ àpò bàbá rẹ pẹ̀lú.

Ó ṣeé ṣe kí n máa ka ọ̀rọ̀ yìí sí ju bó ṣe yẹ lọ nítorí ohun tí ojú èmi náà ti rí. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àwọn ènìyàn máa ń ṣùjọ sídìí tábìlì àwọn tó ń ta ìwé ìròyìn ní Ìwó Ròòdù láàárọ̀, wọ́n á ka àkọlé, wọ́n á jiyàn, ẹni méjì tàbí mẹ́ta nínú wọn á rà á. A máa ń bú àwọn tó ń kà á lọ́fẹ̀ẹ́. A kò mọ̀ pé ọjọ́ ń bọ̀ tí a ó máa wá wọn. Ìròyìn bọ́ sórí fóònù, ìpolówó ọjà tẹ̀lé e, ọkùnrin tó ń ta ìwé ìròyìn sọ́dọ̀ mi di ẹni tó ń ta káàdì ìpè, kó tó di pé kò ta nǹkan kan mọ́. Nítorí náà, nígbà tí mo rí ìyá kan nínú ṣọ́ọ̀bù náà lọ́jọ́ Àbámẹ́ta yẹn, tó fọwọ́ kan aṣọ kan, tó yọ fóònù, tó ya àwòrán rẹ̀, tó sì rọra gbé aṣọ náà padà sójú ìkọ́, mo mọ ohun tó ń lọ lọ́kàn Ìyá tó ń wò ó.

Bàtà kékeré náà ṣì wà lọ́wọ́ mi nígbà tí a fẹ́ máa lọ. Mo ní kí wọ́n fi ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ. Ìyá yí i sókè yí i sísàlẹ̀, wọ́n tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n ní, "Lọ́rẹ kẹ̀? Fi í sílẹ̀ níbí."

Lẹ́yìn Iléyá, ọmọkùnrin ọlọ́kadà yẹn kò pa nọ́ńbà ṣọ́ọ̀bù náà rẹ́ lórí fóònù rẹ̀. Ó ti rí ibi tí gbogbo ìlú mọ̀. Ẹrù ẹlòmíràn tẹ̀lé tèmi, àwọn tó ni ín sì ń wá gbà á lọ́wọ́ Ìyá bí wọ́n bá ti oko dé. Ìyá ń gba ₦200 lórí ẹrù kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yìn ìwé àwìn ni wọ́n ń kọ orúkọ àwọn tó ní ẹrù sí. Wọ́n yí ìwé náà dà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ojú ewé tó gbẹ̀yìn. Nígbà kan tí mo dé ibẹ̀, mo rí i pé orúkọ kan wà ní iwájú àti ní ẹ̀yìn: ọkùnrin kan tó jẹ owó aṣọ, tí ọmọ rẹ̀ sì fi aṣọ ránṣẹ́ sí láti Èkó. Mo fi han Ìyá. Wọ́n wò ó, wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọ́n ní àwọn ti rí i tipẹ́.

Ní ìparí oṣù Kẹjọ, nígbà tí wọ́n ti ń ya àgbàdo ní abà, owó kan wọ inú àpò báńkì mi lójijì. N kò mọ ohun tó jẹ́. Mo ka àlàyé tó wà lábẹ́ rẹ̀, èyí tí ọmọbìnrin tó ń bá Ìyá dúró ti ṣọ́ọ̀bù tẹ̀ láìsí àmì ohùn kan: "owo bata, o ti san tan."